Ẹ mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò yín kí ẹ tó ra pátì: Ẹ̀kọ́ fún oníṣòwò tó ń lo mọ́tò àtijọ́

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké tí ẹ ń ka ojú ewé yìí lẹ ní mọ́tò kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó lè jẹ́ Camry tí ẹ fi ń kó aṣọ bọ̀ láti ọjà, ó lè jẹ́ Corolla tí ẹ fi ń gbé oúnjẹ lọ sí òde àríyá, ó sì lè jẹ́ bọ́ọ̀sì kékeré tó ń pín búrẹ́dì kiri ní ìdájí. Tókúnbọ̀ ni nígbà tí ẹ rà á. Kó tó dé ọwọ́ yín ló ti rin ìrìn tó pọ̀ lókè òkun, ẹ̀yin náà sì ti rin tiyín kún un. Ẹlòmíì á wo dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò rẹ̀ báyìí, á rí i pé ó ti lé ní kìlómítà 300,000.

Láyé ìgbà kan, bí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá ti ń yọni lẹ́nu, ẹni tó ni ín á tà á, á fi owó díẹ̀ kún un, á ra òmíràn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ gidi láti oṣù kẹfà ọdún náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Owó mọ́tò tókúnbọ̀ ti kọjá ohun tí èrè ọjà kékeré ń dá rà wẹ́rẹ́. Èyí tó wà nílẹ̀ ló kù ká tọ́jú.

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ tòní fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Owó tó ń dunni jù lórí mọ́tò àtijọ́ kì í ṣe owó pátì tó bàjẹ́. Owó pátì tí kò bàjẹ́, tí wọ́n ní ká lọ rà, ni. Àwọn àgbà máa ń sọ̀rọ̀ ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, tó ń pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ra pátì kó tó mọ àìsàn tó ń ṣe mọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó náà ná

Ká fi ìyá oníbúrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó tí a fẹ́ dá yìí o, kí ẹnikẹ́ni má fi lọ ná ọjà. Mọ́tò ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nígbàkígbà tó bá bọ́ sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

“Màámi, rédíétọ̀ ti dí. Ẹ jẹ́ ká ra òmíràn.”

Ó ra rédíétọ̀ ní N60,000. Mọ́tò tún gbóná.

“Á jẹ́ pé tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó nìyẹn, màámi. A máa tú ẹ́ńjìnnì.”

Owó gásíkẹ́ẹ̀tì àti owó iṣẹ́ di N70,000. Mọ́tò wà ní wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ 4. Èrè tí ìyá yìí ń rí lójúmọ́ lórí búrẹ́dì tó ń gbé kiri jẹ́ N15,000, nítorí náà N60,000 mìíràn ti lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N190,000. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mọ́tò ṣì ń gbóná. Ẹlòmíràn ló wá ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, tó rí i pé fáànù rédíétọ̀ kò yí rárá. Rìlé kékeré tó ń gbé iná lọ sí fáànù ló ti kú. N3,000 ni wọ́n fi rà á.

Ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Mọ́tò yìí kì í gbóná lójú ọ̀nà márosẹ̀. Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nìkan ló ti ń gbóná. Bí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ń fẹ́ sí rédíétọ̀, ó ń tu omi inú rẹ̀. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìyá yìí ti mọ ìdáhùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi í léèrè, òun náà kò sì mọ̀ pé ohun tó mọ̀ yẹn tó nǹkan.

A kò sọ pé olè ni mẹkáníìkì. Ọ̀pọ̀ wọn mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà ń kánjú, mẹkáníìkì náà ní mọ́tò mẹ́fà tó ń dúró dè é, àbá ló sì yá jù láti dá. Nítorí náà, ìbéèrè kan wà tí kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu yín: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí tó fi hàn pé pátì yìí ló bàjẹ́? Ẹ fi hàn mí kí èmi náà rí i.” Ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe yóò fi hàn yín.

Irinṣẹ́ àti ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ kò nílò láti di mẹkáníìkì. Àwọn irinṣẹ́ díẹ̀ tó: sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ láti 8 dé 19, sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́lọ́ọ̀gì, sukurudiráfà, pọ́láyà, tọ́ọ̀ṣì, jáàkì tó dáa, àti ẹsẹ̀ irin méjì tí a ń gbé mọ́tò lé. Bí mọ́tò yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 síwájú, ihò kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ kékeré bọ̀ láti ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà mọ́tò. Ẹ̀rọ náà wà tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, kò sì wọ́n bíi ti àtijọ́. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà lè dáwó jọ rà á.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ lọ ni ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ déètì, iye kìlómítà tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tí ẹ ṣe, iye tí ẹ ná, àti iye ọjọ́ tí mọ́tò kò fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá bu ọ́ìlì tàbí omi kún un, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. “Ó ń jẹ ọ́ìlì” kò tó ọ̀rọ̀ tí a fi ń wá àìsàn. “Ó ń jẹ lítà kan láàárín kìlómítà 1,000” lọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ní òwúrọ̀

Kí ẹ tó tan mọ́tò, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, tí mọ́tò sì wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Bí mọ́tò bá ti dàgbà gan-an, ẹ ṣe é lójoojúmọ́.

Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á yọ. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Bí ó bá funfun bíi ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má tan mọ́tò náà.

Ẹ wo omi inú rédíétọ̀ àti inú ike rẹ̀. Bí ó bá ń dín kù lójoojúmọ́, ó ní ibi tó ń lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Bí ẹ bá tẹ́ páálí síbẹ̀ mọ́jú, páálí náà yóò sọ fún yín. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń dúdú tàbí kó pọ́n bíi oyin, ọ́ìlì jíà ọ̀tọ̀máátíìkì sábà máa ń pupa, kúláǹtì lè jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú. Omi gbuurugbu tó ń kán lẹ́yìn tí ẹ lo AC kò ní wàhálà kankan.

Ẹ wo bẹ́líìtì àti róbà omi bóyá wọ́n ti sán.

Bí mọ́tò bá ń gbóná

Ìgbóná ló ń pa ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kíákíá jù lọ, nítorí náà òun la óò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Omi inú rẹ̀ lè tú síni lójú, ó sì lè bó ènìyàn. Ẹ dúró kó tutù dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀lé e bó ṣe wà yìí, láti orí ohun tí kò gba owó lọ sí orí ohun tó gba owó.

Àkọ́kọ́, ibo ló ti ń gbóná? Bó bá jẹ́ ibi tí mọ́tò ti dúró nìkan, ẹ fura sí fáànù. Ẹ tan AC. Lọ́pọ̀ mọ́tò, ó yẹ kí fáànù yí. Bí kò bá yí, ẹ wo fúùsì rẹ̀, kí ẹ sì fi rìlé mìíràn tó bá a mu nínú àpótí fúùsì náà dán an wò, irú bíi ti họ́ọ̀nù. Bí fáànù bá yí, ẹ ti rí olè náà láìná kọ́bọ̀.

Èkejì, bó bá jẹ́ orí eré tàbí orí òkè ló ti ń gbóná, ẹ fura sí omi tí kò lọ geere: rédíétọ̀ tó dí nínú, tàbí tẹmositáàtì tí kò ṣí, tàbí pọ́ńbù omi tó ti jẹ. Tẹmositáàtì kò ṣòro láti dán wò. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi sínú omi nínú ìkòkò àlòkù tí ẹ kò ní fi sebẹ̀ mọ́, kí ẹ sì gbé e kaná. Kí omi náà tó hó, ó yẹ kí ẹ rí i tó ń ṣí. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bíi 82°C. Bí omi bá hó tí kò ṣí, ó ti kú nìyẹn.

Àwọn kan á ní kí ẹ yọ tẹmositáàtì dànù pátápátá, pé ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Ẹ má gbà. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i kì í tètè móoru bó ṣe yẹ. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo púpọ̀ sí i. Epo bẹntiróòlù á máa lọ, ẹ́ńjìnnì náà á sì máa jẹ kíákíá.

Ẹ̀kẹta, ìdérí rédíétọ̀. Ohun kékeré ni, àmọ́ òun ló ń fún omi mọ́ inú débi tí kò fi ní tètè hó. Bí róbà rẹ̀ bá ti jẹ, omi á hó kó tó yẹ.

Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní àmì tirẹ̀: omi ń dín kù láìsí ibi tó ń jò sí; èéfín funfun ń jáde ní sàlẹ́ńsà bí mọ́tò bá ti gbóná tán; ọ́ìlì funfun bíi ògì. Ní òwúrọ̀, kí ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó tutù, kí ẹ tan mọ́tò, kí ẹ wo ojú omi. Bí ó bá ń hó ruku ruku bíi ọṣẹ láìdáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe gan-an kí gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Bí kò bá sí ìkankan nínú àmì wọ̀nyí, kí ló dé tí a fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì?

Omi ẹ̀rọ lásán kò dáa fún rédíétọ̀, nítorí ó ń mú irin inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà. Kúláǹtì ni kí ẹ lò. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi omi lú, ẹ fi omi tí wọ́n fi ń kún bátìrì lú u ní ìlàjì sí ìlàjì.

Bí mọ́tò bá ń jẹ ọ́ìlì

Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń jẹ ọ́ìlì sábà máa ń gbọ́ pé ríìngì ti jẹ, kó lọ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àwọn Camry kan tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2007 sí 2009 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 2.4 ní àìsàn yìí débi pé ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ ṣètò àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ni wọ́n ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan mẹ́ta.

Ẹ wò ó bóyá ó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì tàbí nídìí fílítà. Èyí kì í ṣe jíjẹ, jíjò ni, gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ohun tí ẹni tó ní sùúrù lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin.

Ẹ yọ fáàfù kékeré tí wọ́n ń pè ní PCV, kí ẹ mì í. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò, ó yẹ kó máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Bí ọ́ìlì tó gbẹ bá ti dí i, ẹ́ńjìnnì kò ní rí èémí mí dáadáa, á sì máa fa ọ́ìlì mu. Kò wọ́n, ó sì rọrùn láti pààrọ̀.

Ẹ wo ìgbà tí èéfín aláwọ̀ aró ń jáde. Bó bá jẹ́ kété tí ẹ tan mọ́tò ní òwúrọ̀, tó sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fura sí róbà fáàfù tó ti gan. Bó bá jẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù lórí eré, ẹ fura sí ríìngì.

Ọ́ìlì tó ki bíi oyin kò wo ríìngì sàn. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé mọ́tò yín ni kí ẹ rà, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà lásìkò. Fún mọ́tò tó ń fi gbogbo ọjọ́ wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kìlómítà 5,000 ti tó.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n tàbí tó ń fọ́

Iná “Check Engine” kì í sọ pé kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀. Ó ń sọ pé kí ẹ wá ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀. P0301 túmọ̀ sí pé sìlíńdà kìíní kò jóná dáadáa, P0302 ni ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Ṣé pọ́lọ́ọ̀gì ni àbí kọ́ìlì? Lórí mọ́tò tí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan jókòó lórí pọ́lọ́ọ̀gì tirẹ̀, irú bíi Camry láti ọdún 2002, ẹ yọ kọ́ìlì sìlíńdà kìíní, kí ẹ gbé e sórí èkejì, kí ẹ sì gbé ti èkejì wá sórí ìkíní. Ẹ pa àṣìṣe náà rẹ́, ẹ wa mọ́tò díẹ̀, ẹ tún kà á. Bí P0301 bá ti di P0302, kọ́ìlì tí ẹ gbé kiri yẹn ló kú. Ẹyọ kan lẹ óò rà dípò mẹ́rin. Bí àṣìṣe náà bá dúró sójú kan, ẹ gbé pọ́lọ́ọ̀gì náà bákan náà.

Bí ẹ bá yọ pọ́lọ́ọ̀gì tí ẹ rí i pé ọ́ìlì ti kún inú ihò rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì ló ń jò síbẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì láìpààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ óò tún padà wá.

P0171 sọ pé atẹ́gùn ti pọ̀ ju epo lọ. Ọ̀pọ̀ ló ti tìtorí rẹ̀ ra sẹ́ńsọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wo róbà ńlá tó gbé atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, pàápàá lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kì í dé. Róbà tó sán síbẹ̀ ń fa atẹ́gùn tí kọ̀ǹpútà kò kà mọ́ ọn.

Bí kọ́ìlì àti pọ́lọ́ọ̀gì bá dáa tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n síbẹ̀, ẹ ní kí mẹkáníìkì wọn agbára inú sìlíńdà. Wọ́n á mú ẹ́ńjìnnì móoru, wọ́n á pa iná pọ́lọ́ọ̀gì àti epo, wọ́n á yọ gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì, wọ́n á fi géèjì sí ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, wọ́n á sì ta ẹ́ńjìnnì bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Kí ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Bí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn, ẹ́ńjìnnì náà ṣì lágbára, bó ti wù kí kìlómítà rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ ju ìyókù lọ gan-an, wọ́n á da ọ́ìlì ṣíbí kan síbẹ̀, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà bá gòkè, ríìngì ni. Bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ìdánwò yìí kò gba wákàtí kan, òun ló sì yẹ kó ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ “ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì.”

Ẹ má gbàgbé táímìnì bẹ́líìtì. Camry 2.2 tí wọ́n ṣe títí di ọdún 2001 ń lo bẹ́líìtì. Bó bá já, mọ́tò á kàn dúró sójú ọ̀nà ni. Ti Honda Accord oní-sìlíńdà mẹ́rin ọdún 1998 sí 2002 yàtọ̀: bí tiẹ̀ bá já, písítìnì lè gbá fáàfù kó sì tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì á sì di títú. Ẹ má dúró kó já. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí.

Jíà, ṣáàfù àti kílọ́ọ̀ṣì

Agbára ẹ́ńjìnnì kò wúlò bí kò bá dé ẹsẹ̀ mọ́tò. Etí lẹ fi máa mọ èyí tó pọ̀ nínú wàhálà apá ibí yìí.

Bí ẹ bá yí ọwọ́ mọ́tò dé òpin tí ẹ sì rọra wà á, tí ẹ gbọ́ “ka-ka-ka-ka” lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, CV joint ìta ti ń jẹ. Róbà tó bò ó ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya, tí gíríìsì á tú jáde, tí yanrìn á wọlé. Ẹni tó bá rí róbà yìí tó ya kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀ lè pààrọ̀ róbà àti gíríìsì nìkan. Ẹni tó bá dúró de ariwo yóò ra joint. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Bí mọ́tò ọ̀tọ̀máátíìkì bá ń gbọ̀n nígbà tó dúró, tí jíà sì wà ní D, ẹ gbé e sí N. Bí gbígbọ̀n náà bá lọ sílẹ̀, ẹ wo ẹ́ńjìnnì sììtì. Bó bá ń gbọ̀n bákan náà ní N, ẹ padà sórí pọ́lọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì.

Ní ti jíà ọ̀tọ̀máátíìkì fúnra rẹ̀, kó tó di pé wọ́n ní kí ẹ lọ ra ti Bẹ́líjíọ̀mù, ẹ wo ọ́ìlì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota tó ní géèjì jíà ni a ń wò nígbà tí mọ́tò ti gbóná, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí jíà wà ní P. Honda ní tirẹ̀, ẹ ó pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó wò ó. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, jíà á máa yọ̀, á máa pẹ́ kó tó mú; kí ẹ bu irú èyí tí wọ́n kọ sára géèjì tàbí sínú ìwé mọ́tò kún un, kí ẹ sì wá ibi tó ń jò. Bí ó bá pọ́n rúsúrúsú, tí kò rùn, ẹ lè tú èyí tó wà nísàlẹ̀ dà, kí ẹ fi tuntun tí iye rẹ̀ bá a dọ́gba rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì náà ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá dúdú, tó ń rùn bíi ohun tó jóná, tí ẹ sì rí èérún nínú rẹ̀, ọ́ìlì tuntun kò lè jí i dìde. Ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ jíà ló kàn. Mọ́tò tó ń lo jíà CVT, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Nissan, kò gbọdọ̀ rí ọ́ìlì jíà lásán rárá. Tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń wa bọ́ọ̀sì oní-kílọ́ọ̀ṣì: ẹ fa hándì bírékì dáadáa níbi tó gbòòrò tí kò sí ènìyàn níwájú, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bírékì, ẹ fi jíà kẹrin sí i, kí ẹ sì rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì kú. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ti tán, ó sì ń jẹ epo yín lójoojúmọ́.

Èyí tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe, èyí tí ẹ ó fi sílẹ̀

Ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe ìwọ̀nyí: ọ́ìlì àti fílítà, fílítà atẹ́gùn, pọ́lọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì, PCV, tẹmositáàtì, kúláǹtì, róbà omi, bẹ́líìtì ìta, bátìrì, fúùsì àti rìlé. Bí ẹ bá ti mọ́ ọn lára, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì àti ọ́ìlì jíà kún un.

Ẹ fi ìwọ̀nyí sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n: táímìnì bẹ́líìtì àti ṣéènì, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì, kílọ́ọ̀ṣì, inú jíà, ṣáàfù, ríìngì àti fáàfù. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é.

Ẹ̀mí ju mọ́tò lọ. Ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró, bó ti wù kí iṣẹ́ náà kéré tó. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ irin, kí ẹ sì di táyà tó wà nílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì kì í ṣe ẹsẹ̀ irin, ó lè fọ́ lójijì. Ẹ yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà. Ẹ má mu sìgá, ẹ má sì tan àbẹ́là nídìí epo. Ẹ má da ọ́ìlì àlòkù sí gọ́tà. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ fún àwọn tó ń rà á kiri wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù.

Bí ẹ bá ń lọ ra pátì

Yálà Ládípọ̀ ní Mushin lẹ ń lọ ni, tàbí Aráròmí ní Ágodi Gate n'Ìbàdàn, ẹ mú pátì àtijọ́ dání, kí ẹ kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ra lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì máa kọ rìsíìtì. Pátì Bẹ́líjíọ̀mù dáa fún ohun irin tí a lè dán wò lójú ẹsẹ̀, irú bíi ọ́tánétọ̀ àti mọ́tò fáànù. Ohun tó bá jẹ́ róbà, bẹ́líìtì, gásíkẹ́ẹ̀tì, fílítà tàbí bírékì, tuntun ni kí ẹ rà.

Ìgbà wo la ó sọ pé ó tó gẹ́ẹ́?

Ìwé àkọsílẹ̀ yín ni yóò dáhùn. Lópin oṣù 12, ẹ ro owó pátì, owó iṣẹ́, àti èrè ọjọ́ tí mọ́tò kò ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ fi wé iye tí ẹ óò san láàárín ọdún kan náà bí ẹ bá ń háyà mọ́tò gbé ọjà yín. Bí ti mọ́tò yín bá ṣì kéré, ẹ máa tọ́jú rẹ̀ lọ. Bó bá ti ju ti háyà lọ, ẹ wo ohun tó fà á. Bó bá jẹ́ ohun kan tí ẹ ti tún ṣe tán, tí kò ní padà wá, ẹ má kánjú tà á. Ṣùgbọ́n bí agbára sìlíńdà bá ti lọ sílẹ̀ ní méjì tàbí mẹ́ta, tí jíà ń yọ̀, tí ìpẹtà sì ti jẹ abẹ́ mọ́tò, ẹ tà á nígbà tó ṣì ń rìn. Mọ́tò tó ń rìn níye lórí ju èyí tí wọ́n fi okùn fà lọ.

Bí ẹ bá sì yàn láti ra ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i, ẹ ní kí wọ́n wọn agbára sìlíńdà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ìwé ìrajà, kí ẹ sì lọ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì padà nínú ìwé mọ́tò yín, kí àwọn ọlọ́pàá má baà fi wàhálà kún wàhálà.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí kò le. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ náà. Lọ́la, kí ẹ tó tan mọ́tò, ẹ wo ọ́ìlì àti omi, ẹ kọ ohun tí ẹ rí pẹ̀lú iye kìlómítà. Bí ẹ bá ń lọ sí wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù nígbà mìíràn, ẹ mú ìwé náà dání, kí ẹ ṣí i síwájú mẹkáníìkì yín. Ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun náà á yàtọ̀.